"Ọ̀sìn sẹ́ẹ̀lì" àti "adelé ẹ̀dọ̀": èrò tèmi láti Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ní ọjọ́ Ajé ni ẹ̀gbọ́n wa kan mú ìwé pélébé kan wá síwájú wa, èyí tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ará Ìdí-Àbà ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àrùn mẹ́dọ̀wú. Gbólóhùn kan ló ń dà wọ́n láàmú níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé "àwòkọ́ṣe àṣà àhámọ́ ẹ̀dọ̀", èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "liver cell culture model", ni àwọn onímọ̀ fi ń dán oògùn wò. Mo kà á sétí ìyá mi, tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú láti ìgbà èwe wọn, tí wọ́n sì gbọ́ Yorùbá jù mí lọ fíìfíì. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ta ni wọ́n tì mọ́lé?"

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ̀wé yìí.

Ní 1665, Robert Hooke, ará Ìlú Ọba, fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo èèpo igi, ó rí ihò wẹ́wẹ́ bí iyàrá, ó sì fi orúkọ iyàrá kékeré pè wọ́n. Orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ibi tí ọlọ́pàá ń ti èèyàn mọ́. Tiwọn nìyẹn. Kí ló wá dé tí a óò fi kó ẹ̀wọ̀n wọ inú ara ọmọ Yorùbá? Nǹkan tó ń jẹun, tó ń dàgbà, tó ń pín ara rẹ̀ sí méjì kì í ṣe àhámọ́. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ọmọ wa ń pè é nílé ìwé, ó ti wọ ẹnu, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti "àṣà", n kò rò pé ó yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò wo iṣẹ́. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859, àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò sì pè é ní "bébà titun". Wọ́n wo ohun tó ń ṣe.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò? Wọ́n á mú ẹran díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀, tàbí lára kókó jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀, wọ́n á tú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ká sínú àwo pẹrẹsẹ, wọ́n á da omi oúnjẹ lé e, wọ́n á sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó móoru ní ìwọ̀n 37, bí ara ènìyàn ṣe móoru. Wọ́n á máa pààrọ̀ oúnjẹ náà. Bí àwo bá kún, wọ́n á pín wọn sínú àwo mìíràn. Arábìnrin kan láàrin wa, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, dá "ìgbìn sẹ́ẹ̀lì" lábàá, ó ní wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àwo bí ohun tó ta gbòǹgbò. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbìn, òjò lè bá wa tọ́jú rẹ̀. Èyí tí a ń bọ́, tí a ń ṣọ́ kí àrùn má wọ̀ ọ́, tí a ń kó kúrò bí ilé rẹ̀ bá há, sísìn là ń sìn ín. Ọ̀sìn adìẹ, ọ̀sìn ẹja, ọ̀sìn oyin. Ọ̀sìn sẹ́ẹ̀lì ni èmi fara mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni "àwòkọ́ṣe". Oníwà rere tí ọmọdé ń wò kọ́ ìwà ni àwòkọ́ṣe. Sẹ́ẹ̀lì inú àwo kò kọ́ ẹnikẹ́ni níwà.

Ẹ wo HepG2, ọ̀kan lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn nínú àwo. Inú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ọmọkùnrin ọdún 15 kan, ará Argẹntínà, ni wọ́n ti rí i, ayé sì gbọ́ nípa rẹ̀ ní 1979. Ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, síbẹ̀ fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B kì í rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Ní 2012 ni àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà rí i pé NTCP, èròjà kan lára sẹ́ẹ̀lì, ni ilẹ̀kùn tí fáírọ́ọ̀sì náà ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, HepG2 kò sì ní in tó. Nígbà tí wọ́n fún un ní ilẹ̀kùn yẹn, fáírọ́ọ̀sì wọlé. Ti mẹ́dọ̀wú C tún le jù bẹ́ẹ̀. Ní 1989 ni wọ́n ti dá a mọ̀, àmọ́ ó di 1999 kí àwọn ará Jámánì tó rí i ṣe kí àbùdá rẹ̀ máa bí sí i nínú Huh-7, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ mìíràn tí wọ́n ń sìn, ó sì di 2005 kí èyí tí wọ́n rí lára aláìsàn kan ní Jàpáànì tó jáde ní odindi fáírọ́ọ̀sì nínú àwo. Kódà sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú tààrà láti inú ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá, bó bá ti lo ọjọ́ díẹ̀ nínú àwo, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀dọ̀.

Ta ló ń jókòó dípò ẹlòmíràn, tó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì lè dé adé? Adelé ni. Ẹnìkan sọ pé "arọ́pò" ń kọ́? Arọ́pò gba ipò ẹni tó ti lọ, ẹ̀dọ̀ kò sì tíì lọ síbì kankan. Adelé ẹ̀dọ̀ ló yẹ ẹ́.

Ó ká mi lára nítorí ohun tí mo gbọ́ ní Kútọ̀. Alágbo kan ń fi gbohùngbohùn kéde pé òyìnbó ti dán ewé òun wò "nínú ẹ̀dọ̀", mẹ́dọ̀wú sì kú. Ẹnìkan nínú ẹbí wa gbọ́ irú rẹ̀, ó dá oògùn dókítà dúró, àìsàn náà sì tún gbérí. Nígbà tí mo wá ka gbólóhùn náà fún ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì, pé inú adelé ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ti dán an wò, wọ́n ní, "Ọba fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Ó ku ohun kan. Wọ́n kọ "ìlà sẹ́ẹ̀lì" ní ojú ìwé kejì, fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "cell line", ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ láti ara ẹnìkan tó sì ń bí sí i nínú àwo. Ìlà ni èyí tí a fà, tàbí èyí tí a kọ sójú. Ìran ni kí a pè é. Ní 1976, ní Gúúsù Áfríkà, wọ́n mú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ jáde láti inú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ọkùnrin ará Mòsámbíìkì kan. Títí dòní ni ọmọ-ọmọ wọn ṣì ń tú èròjà ara fáírọ́ọ̀sì B jáde, torí àbùdá rẹ̀ ti wọnú tiwọn. Ènìyàn ni wọ́n ti ṣẹ̀, ó sì yẹ kí orúkọ wọn jẹ́rìí sí i.

Gbólóhùn tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa nìyí: "Inú adelé ẹ̀dọ̀, èyí tí í ṣe ọ̀sìn sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán oògùn náà wò, wọn kò tíì dán an wò lára ènìyàn." Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.