Asẹ́, ajọ̀ tàbí ìyọkúrò: kí ni ká pe filter nínú ìjábọ̀ àwòṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ń túmọ̀ ojú-iṣẹ́ sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ṣe àwòṣe, irú èyí tí àwọn tó ń lo UML, èdè àwòrán tí wọ́n fi ń ya ètò sọ́fítíwià, ń fi ṣiṣẹ́. Abala ìjábọ̀ ni iṣẹ́ ti dá dúró, níbi tí a ti ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé èròjà báyìí-báyìí ni kó kó jáde, kó fi ìyókù sílẹ̀; ohun tó ń ṣe ìyẹn là ń pè ní filter. Wọ́n ní asẹ́ làwọn fẹ́ pe filter. Àbúrò kan ní ajọ̀ ló yẹ, torí pé èròjà inú àwòṣe kì í ṣe nǹkan olómi. Ẹnì kẹta ní ká kúkú pè é ní ìyọkúrò, kó lè tètè yé èèyàn.

Asẹ́ ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ asẹ́ sójú bọ́tìnnì tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ lò ó ò ní mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìyọkúrò, torí ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi. Èmi náà túmọ̀ irú nǹkan yìí nígbà kan fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, mo sì kọ ọ́ báyìí: “Yọ àwọn tí a ti fọwọ́ sí kúrò.” Arábìnrin kan fẹ́ ṣe ìjábọ̀, ó dé ibẹ̀, ó ká ọwọ́ kúrò lórí máòsì, ó pè mí. Ó ní: “Ṣé tí mo bá tẹ èyí, gbogbo requirement (ohun tí sọ́fítíwià gbọ́dọ̀ ṣe) tá a ti fọwọ́ sí á pa rẹ́ ni?” Ó tọ́ kó béèrè. Ohun tá a bá yọ kúrò nínú ilé, kò sí nínú ilé mọ́. Bẹ́ẹ̀ filter kì í fọwọ́ kan àwòṣe rárá. Bí èròjà 400 bá wà nínú rẹ̀, 400 náà ló máa wà lẹ́yìn ìjábọ̀, ì báà jẹ́ 30 péré ló jáde sínú ìwé. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo ìyọkúrò.

Àléébù asẹ́ ni pé kò sọ ẹ̀gbẹ́ tá a fẹ́. Bí a bá sẹ́ omi, èyí tó kọjá la fẹ́, a ó da èyí tó kù lójú asẹ́ nù. Bí a bá ń fi asẹ́ wá òkúta wẹ́wẹ́ nínú yanrìn, èyí tó kù lójú asẹ́ gan-an là ń wá. Wàyí o, ẹ wo ojú-iṣẹ́ tó kọ “Asẹ́”, tó wá kọ “irú èròjà: kíláàsì” sábẹ́ rẹ̀. Ṣé kíláàsì nìkan ló máa jáde ni, àbí kíláàsì ni kò ní jáde? Mo ti rí sọ́fítíwià oríṣi méjèèjì. Orúkọ irinṣẹ́ ni kí asẹ́ jẹ́, kí ọ̀rọ̀ ìṣe sì sọ ẹ̀gbẹ́: “Fi èyí nìkan hàn”, “Má fi èyí hàn.”

Ẹ má sì kọ “Sẹ́ ìjábọ̀” sójú bọ́tìnnì, torí sẹ́ kan náà la fi ń sẹ́ ọ̀rọ̀. Yóò dà bíi pé a ní kéèyàn lóun ò mọ̀ nípa ìjábọ̀ náà. Ó tún ku ti àmì: àṣẹ wà nínú mẹ́nù tẹ́lẹ̀, bí kọ̀ǹpútà bá sì gbé àmì wọn jù nù, “ase” ni méjèèjì máa di. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó máa jẹ́ “asẹ́ ìjábọ̀” nígbà gbogbo, kó má dá dúró. Ajọ̀ ò bọ́ nínú ìṣòro yìí, torí àjọ àti àjò ń dúró dè é.

Ibi tó dùn mí jù lọ kò tilẹ̀ sí nínú orúkọ náà. Ó wà nínú “àti”. Ẹ̀gbọ́n kọ “àti” sáàárín òfin kan àti òmíràn, níbi tí SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àkójọ dátà, ti ń kọ AND. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ orúkọ ni àti ń so pọ̀. Gbólóhùn kan sí èkejì, “sì” la ń lò: irú rẹ̀ jẹ́ kíláàsì, a sì ti fọwọ́ sí i. Èyí tó burú jù ni pé, bí èèyàn bá sọ pé “kó kíláàsì àti interface jáde fún mi” (irú èròjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àwòṣe), méjèèjì ló ń fẹ́. Bó bá wá yan “àti” lójú kọ̀ǹpútà, ohun tó béèrè ni èròjà kan ṣoṣo tó jẹ́ kíláàsì tó tún jẹ́ interface. Irú rẹ̀ kò sí. Ìjábọ̀ á jáde lófìfo, onítọ̀hún á rò pé àwòṣe òun ti bàjẹ́. Látayé George Boole, tó gbé ìrònú yìí kalẹ̀ bí ìṣirò ní 1854, àwọn tó wà nínú agbo méjèèjì nìkan ni “and” yìí ń mú. Mo dábàá “gbogbo òfin yìí gbọ́dọ̀ bá a mu” fún un, àti “ọ̀kan nínú wọn ti tó” fún OR (tàbí). Ó gùn, àmọ́ kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ fi èyí kún un: “Ipò rẹ̀ kì í ṣe ìfọwọ́sí.” Nínú SQL, èròjà tí ẹnikẹ́ni ò kọ ipò rẹ̀ rárá kò ní jáde lábẹ́ òfin yìí, torí NULL, àmì àyè tí a kò kọ nǹkan sí, kò ṣeé fi wé nǹkan kan. Àwa ní òfo, a sì ní òdo, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá a mu dáadáa nínú méjèèjì. “A kò tíì kọ nǹkan síbẹ̀” ni mo máa kọ, kí ó sì ní àyè tirẹ̀ tí èèyàn lè yàn.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ti tún un kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi han ẹnì kan tí kò mọ SQL. Ẹ ní kó kó kíláàsì àti interface jáde, kí ẹ sì kọ bọ́tìnnì tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.