Àbájáde ìbéèrè mi: ṣé ebi ló pa ewúrẹ́ náà?

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ìbéèrè mi ni irú àyẹ̀wò tó lè fi hàn bóyá ebi ló pa àgbà ewúrẹ́ kan tó gbẹ hangogo.

Ìmọ̀ràn pé ká fi odindi egungun itan ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n lè wọn ọ̀rá inú mùdùnmúdùn rẹ̀, ló yanjú ẹ̀. A ro ẹran kúrò lára rẹ̀, a wé e sínú náílọ́ọ̀nù méjì, ó wọ fìrísà. Ẹ má fọ́ ọ o! Tí atẹ́gùn bá wọlé, omi inú mùdùnmúdùn á gbẹ, ọ̀rá á wá dà bíi pé ó pọ̀.

Gíráàmù 5 mùdùnmúdùn ni wọ́n wọ̀n, wọ́n mú un gbẹ, wọ́n fi hexane (kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ ọ̀rá) fa ọ̀rá jáde: gíráàmù 0.4, ìyẹn 8%. Ti ẹran tó sanra sábà máa ń ju 60% lọ. Tí kò bá tó 20%, ara ti ná ọ̀rá tó kù sí i tán, nítorí inú egungun ló máa ń ná gbẹ̀yìn. Ojú lásán pàápàá rí i: ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń yọ̀ bí omi ilá.

Wíwo ìdí kíndìnrín ṣèrànwọ́ díẹ̀. Kò sí ọ̀rá níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rá ibẹ̀ máa ń tètè tán.

Ohun tó kù ni ìdí rẹ̀. Aràn tàbí eyín tó bàjẹ́ lè fa 8% kan náà, bí oúnjẹ tilẹ̀ wà. Eyín rẹ̀ pé. Iye ẹyin aràn inú ìgbẹ́ là ń retí.

Ẹ má fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọmọ ewúrẹ́ tuntun. Ọ̀rá inú egungun tiwọn kéré látilẹ̀.