Ẹ gbà mí o! Aláìsàn ACL mi sáré 5 km ní ọ̀sẹ̀ 7

Ṣadé (Leeds): Ẹ̀yin físíò ilé yìí, ẹ dákun. Ọ̀sẹ̀ 7 péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ACL, okùn iṣan inú orúnkún tí wọ́n fi tuntun rọ́pò. Ọ̀gbẹ́ni yìí fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí: 5 km lórí ẹ̀rọ ìsáré, ó ń rẹ́rìn-ín. Orúnkún ti wú. Ó ní kò dun òun rárá. Àárọ̀ ọ̀la ló ń bọ̀. Kí ni kí n wí?

Dèjì (Houston): "Kò dùn mí" yẹn gan-an ni ìjàǹbá. Ìrora máa ń tán kí iṣan tuntun tó gbó. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni kò lágbára jù, ara ṣì ń tún un hun. Bi í bóyá ó gbọ́ ìró "pọ̀!" nínú orúnkún, bóyá orúnkún ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, oníṣẹ́ abẹ ni kó lọ rí. Tún bi í ìgbà tó lo oògùn ìrora gbẹ̀yìn.

Mosún (Toronto): Fọwọ́ kan ẹ̀yìn ojúgun ná! Bó bá wú, tó gbóná, tó ń dùn ún bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí èémí bá ń há a, áḿbúláǹsì.

Ẹ̀gbọ́n Wálé (London): Dẹ́rù bà á. Sọ pé yóò já, wọn yóò sì tún un là.

Mosún (Toronto): Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, àṣìṣe tó ń náni lówó jù nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù bà kì í na orúnkún mọ́. Kò ní tó 0° (kó nà gbọọrọ), á máa tiro, iṣan iwájú itan á gbẹ. Títú orúnkún tó ti gan le ju dídá alásejù dúró lọ.

Ẹ̀gbọ́n Wálé (London): Ọ̀rọ̀ dídùn ni ó fi ń sáré o.

Dèjì (Houston): Àwa la fa púpọ̀ nínú àṣejù wọn. A kọ "10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta", a ò kọ òpin. Alásejù ka 10 sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣe 100. Kọ "má ṣe kọjá" sí ìwé. Fún un ní tépù: kó fi wọn àyíká orúnkún kọ̀ọ̀kan láràárọ̀. Bó bá fi 1 cm ju ti àná lọ, ìdajì iṣẹ́ ni lọ́jọ́ náà. Kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé tí òun kọ ló máa gbà gbọ́. Kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí kì í kúrò lójú kan, tí a kò mú le, eré ìdárayá apá àti ti ẹsẹ̀ kejì: kó ìwọ̀nyí fún un kó fi tán agbára.

Mosún (Toronto): Kí ìsáré má wáyé kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé, kí orúnkún má wú, kó nà tán. Bọ́ọ̀lù? Oṣù 9, kí agbára ẹsẹ̀ tó 90% ti èkejì.

Kẹ́mi (Dublin): Ti ACL ṣì dáa. Ẹ wo àwọn tí a rán iṣan ejìká wọn, tó yẹ kí aṣọ gbé apá wọn kọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, wọ́n ti tú aṣọ náà, wọ́n ń gbé kẹ́tùlù. Àti iṣan gìgísẹ̀ tí wọ́n tètè ń nà: á san, ṣùgbọ́n á gùn jù, dídìde lórí ìka ẹsẹ̀ á di ìṣòro.

Dèjì (Houston): London, ṣé ẹ tilẹ̀ máa ń rí aláìsàn kí ọ̀sẹ̀ 7 tó pé?

Ẹ̀gbọ́n Wálé (London): Ẹ̀yin tí ẹ fi mọ́tò lọ sí ilé kejì, ta ló ń rìn ní Houston? 😂

Mosún (Toronto): Ọ̀pá ìtìlẹ̀ lórí yìnyín, ẹ wá wò ó ná.

Kẹ́mi (Dublin): Gbogbo èyí tí a ń sọ, "ẹ rọra o, ẹ kú ìnira" ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan lónìí. Lédè àwọn òyìnbó ibí, kò dùn.

Ṣadé (Leeds): Mo ti gbé tépù sí àpò. Ó tún fi fídíò míì ránṣẹ́ báyìí. Àtẹ̀gùn ló ń gùn.