Báwo ni a ṣe lè dá ẹrẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ́ ní Ìkéré-Èkìtì?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀ àti ilé kíkọ́, mo kí yín. Ẹ̀gbẹ́ òkè kan ní Ìkéré-Èkìtì ni èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́lé sí. Láti ìgbà tí katakata ti ho koríko orí ilẹ̀ náà kúrò ni òjò ti ń wọ́ erùpẹ̀ pupa lọ sínú odò kékeré tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn mu, èyí tó ń dùn mí gan-an.

A to àpò yanrìn sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàrá gba abẹ́ wọn kọjá. Koríko vetiver, tí gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ tó mítà 2 sí 3 bí ó bá ti dàgbà, ni a tún gbìn ní ìlà tó dábùú òkè náà, àmọ́ òjò hú u kí ó tó fìdí múlẹ̀.

Kí òjò oṣù Kẹsàn-án tó dé, èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe: ṣé kí a gbẹ́ kòtò ńlá tí ẹrẹ̀ yóò ti máa rọ̀ sílẹ̀ kí omi tó dé odò ni, àbí kí a fi òkúta mọ ebè dábùú ìdagẹ̀rẹ́ náà? Bí ó bá sì jẹ́ kòtò, báwo ni yóò ṣe tóbi tó fún ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì 6?