Mo fẹ́ lọ kọ́ saikọ́lọ́jì iléeṣẹ́: ṣé ó wúlò níbi iṣẹ́?

Ọmọ Ṣágámù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ́fíìsì tó ń gba òṣìṣẹ́ ni mo wà níléeṣẹ́ kan nítòsí Ṣágámù. HND ni mo ní. Àwọn ọ̀dọ́ tí a ń gbà kì í pẹ́ rárá. Bí ọwọ́ wọn bá ti mọ́ ẹ̀rọ báyìí, wọ́n á bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi ò gbà, torí mo máa ń gbọ́ tẹnu wọn kí wọ́n tó lọ. Ó ń wù mí kí n kọ́ saikọ́lọ́jì iléeṣẹ́, àmọ́ màmá mi ní iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú wèrè ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Oníṣòwò, Ìjẹ̀bú-Òde: Owó ni, ọmọ mi. Ẹ fi kún owó wọn.

Ẹ̀gbọ́n Àgọ́-Ìwòyè: Mo kí yín mà. Owó ṣe pàtàkì, àmọ́ kò dá ṣe é. Ní 1959, Herzberg, onímọ̀ saikọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé owó tí kò tó àti ọ̀gá tó ń jágbe máa ń bí òṣìṣẹ́ nínú, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú iṣẹ́ wù ú ni iṣẹ́ tó nítumọ̀, ìyìn àti ìgbéga. Àwọn onímọ̀ kan ta ko ìpín méjì yẹn, síbẹ̀ ó ṣí wa lójú.

Àbúrò, ẹ̀ka tó ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ wà lọ́tọ̀. Ti saikọ́lọ́jì iléeṣẹ́ ni bí a ṣe ń yan òṣìṣẹ́, bí a ṣe ń kọ́ ọ níṣẹ́, àti ohun tó ń lé e lọ.

Bọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́: Ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀, “Ọmọ ta ni ẹ́?” ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìbéèrè kan náà, tó jẹ mọ́ iṣẹ́ gan-an, ni kí ẹ bi gbogbo wọn. Kí olúkúlùkù yín fún wọn ní máàkì kí ẹ tó jọ sọ̀rọ̀. Àkójọ ìwádìí tí Schmidt àti Hunter, àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì, gbé jáde ní 1998 fi hàn pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó létò báyìí ń tọ́ka ẹni tó máa ṣiṣẹ́ dáadáa ju kí a kàn máa tàkúrọ̀sọ lọ.

Ọmọ Ṣágámù: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ ni pé alẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ṣíìfù wọn.

Ẹ̀gbọ́n Àgọ́-Ìwòyè: Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ! Bí iṣẹ́ ṣe wà létò ló bàjẹ́. Kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, torí bí ọ̀gá bá mọ ẹni tó sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ òótọ́ fún ẹ mọ́. Kí o wá bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n máa lẹ àtẹ ṣíìfù mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kà á bóyá iye tó ń lọ dínkù.

Ẹ̀ka saikọ́lọ́jì wà ní OOU (Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ) níbí, ó wà ní Ìbàdàn àti UNILAG náà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń ní kí ẹni tó ní HND kọ́kọ́ ṣe PGD (dípúlómà tó ṣáájú másítà) kó tó ṣe másítà, nítorí náà béèrè kí o tó sanwó fọ́ọ̀mù. Kí o sì tún ìṣirò rẹ kà o, sìtátísíìkì pọ̀ nínú ẹ̀.