Ẹ gbà mí o: báwo ni "holpen" ṣe di "helped"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà lọ́kàn mi. Nínú Bíbélì King James tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, Lúùkù 1:54 kà báyìí: "He hath holpen his servant Israel." Bàbá fi bírò pupa fàlà sábẹ́ "holpen", wọ́n sì fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Wọn ò rí ìdáhùn títí wọ́n fi lọ.

Mo ti rí i pé nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, fáwẹ́lì inú ọ̀rọ̀ náà ló máa ń yí padà: helpan, healp, holpen. Àwọn ará Jámánì ṣì ń sọ "geholfen" dòní. Ó yé mi dé ibẹ̀. Àmọ́ nínú Bíbélì 1611 kan náà, ní 1 Sámúẹ́lì 7:12, níbi òkúta Ebenésérì tí gbogbo wa mọ̀, "helped" ni wọ́n lò! Kí ló dé tí wọ́n fi lo méjèèjì pọ̀? Ìgbà wo ni "-ed" bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ìwé tí mo lè kà, kó tọ́ka rẹ̀ fún mi.