Wọ́n ṣe sáfíìsì mọ́tò mi, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì, dílà ní kì í ṣe ẹjọ́ àwọn

Ìyá Tòmíwá, Leeds:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ta ló ti bá dílà mọ́tò fà á rí ní ìlú òyìnbó yìí tó sì rí owó ẹ̀ gbà? Mo gbé mọ́tò lọ ṣe sáfíìsì lọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà, wọ́n gba £289, mo wakọ̀ relé. Ilẹ̀ mọ́, mo rí ọ́ìlì tó kán sílẹ̀ níbi tí mo páàkì sí, kò pọ̀, mo pè wọ́n lórí fóònù, ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní èyí tó ta sí i lára nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ló ń kán, pé á dá fúnra ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni iná pupa ọ́ìlì tàn lójú mi lórí òpópónà M62, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ró gbà-gbà-gbà, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mo pa á. Bọ̀dá tó wá fi ọkọ̀ wọ́ ọ wo abẹ́ ẹ̀, ó ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń dí ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde ti tú, díẹ̀ ló kù kó já bọ́. Dílà wá ń sọ fún mi pé mọ́tò ló gbó, pé tí mo bá fẹ́ ẹ́ńjìnnì míì kí n mú £4,200 wá, tí mi ò bá sì gbé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn, àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó àyè. Mo lọ síbẹ̀, mo pariwo débi tí ohùn mi fi há, mánéjà ò tiẹ̀ yọjú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe báyìí? Mọ́tò yẹn ni mo fi ń lọ síṣẹ́ alẹ́.

Ṣọlá, Manchester:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ gbé wọn sí Facebook, ẹ gbé wọn sí Google, ìràwọ̀ kan péré, kí gbogbo ayé rí wọn. Ojú á tì wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, Peckham:
Ṣọlá, rọra. Ìyẹn ṣì ń bọ̀, òun kọ́ ló kàn. Ìyá Tòmíwá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì yẹn, ì báà jẹ́ dílà, ì báà jẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò yín tó ní òun á bá yín ṣe é ní ẹ̀dínwó. Abẹ́ mọ́tò yẹn ni ẹ̀rí yín wà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn ní wásà kékeré kan, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun ló yẹ kí wọ́n máa fi tuntun rọ́pò ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ló ní ibi tó yẹ kí wọ́n fún un dé, ó wà nínú ìwé àwọn tó ṣe mọ́tò. Tí ọmọ iṣẹ́ bá kàn fi ọwọ́ dì í mú, tẹ́nì kan pè é, tó gbàgbé láti fi sípánà fún un parí, mọ́tò á máa gbọ̀n ọ́n títí á fi tú. Tó bá sì fún un jù, pàápàá tí abọ́ ọ́ìlì ọ̀hún bá jẹ́ alumíníọ́mù, ojú ẹ̀ á jẹ, kò ní lè dì mú mọ́. Ìgbà míì kì í tiẹ̀ í ṣe nọ́ọ̀tì, rọ́bà fíltà àtijọ́ ló lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì tí wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wá fi fíltà tuntun lé e lórí, rọ́bà di méjì, ọ́ìlì á sì máa gba àárín wọn jáde. Ẹni tó mọṣẹ́ á wò ó, á sọ èyí tó jẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fún nọ́ọ̀tì yẹn padà, tí wọ́n sì nu abẹ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ti di kí oníkálukú máa sọ tẹnu ẹ̀ nìyẹn.

Torí náà ẹ pe ilé iṣẹ́ tó fi ọkọ̀ wọ́ ọ, ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí òṣìṣẹ́ wọn kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ránṣẹ́ sí yín. Wọ́n máa ń kọ ọ́. Ẹ wo inú fóònù yín, ẹ ya àwòrán ibi tó fi hàn pé ẹ pe dílà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ kan wá kù tí mo fẹ́ bi yín, ẹ má bínú: ṣé ẹ tún wakọ̀ síwájú lẹ́yìn tí iná pupa tàn? Ibẹ̀ ni dílà máa gbà wọlé sí yín lára. Wọ́n á ní òótọ́ ni nọ́ọ̀tì tú, àmọ́ ẹ̀yin lẹ wà á títí ẹ́ńjìnnì fi kú.

Ìyá Tòmíwá, Leeds:
Ẹ̀gbọ́n, ojú ẹsẹ̀ ni mo yà o! Mo ní kámẹ́rà níwájú mọ́tò, á ti ká gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, Peckham:
Ẹ lọ yọ káàdì inú ẹ̀ lónìí, kí ẹ kó fídíò yẹn sórí kọ̀ǹpútà, torí kámẹ́rà wọ̀nyẹn máa ń ka tuntun lé àtijọ́ lórí ni. Tó bá jẹ́ Mushin ni, wọ́n á ti ní kí ọmọ iṣẹ́ yẹn fi ẹnu kan irin kó búra, ọ̀rọ̀ á ti parí. Níbí, ìwé ni irin.

Àǹtí Fúnkẹ́, Milton Keynes:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti abẹ́ mọ́tò, ẹ jẹ́ n sọ ti ìwé. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn kọ́sítọ́mà. Ẹni tó bá wá pariwo, a máa ń bẹ̀ ẹ́ ni, a fún un ní tíì, tó bá ti jáde ó parí. Ẹni tó bá kọ̀wé tó sì lo ọ̀rọ̀ náà «formal complaint», ìyẹn ni pé ẹ̀sùn gidi ló ń fi ìwé kọ, dandan ni ká ṣí fáìlì fún un, ká kọ ọjọ́ tó dé, kí ẹnì kan sì dáhùn.

Òfin tó gbè yín lẹ́yìn ni Consumer Rights Act 2015. Ó ní ẹni tó bá gba owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìfarabalẹ̀ àti ìmọ̀ ṣe é bó ṣe yẹ. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láìjẹ́ kó pẹ́ jù, láì sì ni yín lára, tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kó dá nínú owó yín padà. Ohun tí iṣẹ́ ọ̀hún bà jẹ́, ìyẹn ẹ́ńjìnnì, ẹ lè bèèrè tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kì í ṣe ojú àánú lẹ ń bẹ̀ wọ́n fún.

Ẹ kọ ímeèlì sí mánéjà àgbà wọn, kí ẹ tún fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní póòsì, irú èyí tí wọ́n máa fọwọ́ sí tó bá dé. Ìsàlẹ̀ rìsíìtì yín ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà gan-an máa ń wà ní lẹ́tà wínníwínní, tí ẹ ò bá rí i, ẹ wò ó ní Companies House, níbi tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ sí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, torí orúkọ tó wà lójú pátákó wọn lè máà jẹ́ orúkọ tí òfin mọ̀. Ẹ to ọ̀rọ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀: ọjọ́ sáfíìsì, iye máìlì tó wà lójú mọ́tò, ìpè ọjọ́ kejì àti ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ, iná pupa, ohun tí oní-ọkọ̀-ìwọ́ rí. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, pé kí wọ́n fi owó ara wọn tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ 14 láti fèsì. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ẹ ò gbà láti san owó àyè kankan, pé kí wọ́n fi ibi tí ẹ ti fọwọ́ sí i hàn yín. Kí wọ́n má sì tú ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé ẹ fún wọn láyè.

Ẹ wá kọ ìwé kejì lọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ní nípa yín fún yín, subject access request ni wọ́n ń pè é. Ìwé iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tí wọ́n ká sílẹ̀ nígbà tí ẹ pè, àti fídíò tí ọ̀pọ̀ dílà máa ń yà lábẹ́ mọ́tò nígbà sáfíìsì. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni òfin sì fún wọn. Mo ti rí ẹjọ́ tó jẹ́ fídíò dílà fúnra ẹ̀ ló dá a lẹ́bi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi san £289 yẹn?

Ìyá Tòmíwá, Leeds:
Credit card ni, torí owó oṣù ò tíì wọlé.

Àǹtí Fúnkẹ́, Milton Keynes:
Haa! Ẹ jó! Section 75 nínú Consumer Credit Act 1974. Ohun tó bá lé ní £100 tí kò kọjá £30,000, tí ẹ bá fi credit card san án, kódà kó jẹ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ lẹ fi í san, bánkì àti dílà ni wọ́n jọ máa ru ẹ̀bi. Kì í sì í ṣe £289 nìkan ni bánkì máa dáhùn fún o, ohun tí iṣẹ́ burúkú náà bà jẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé fóònù ní bánkì máa ń sọ pé owó sáfíìsì nìkan làwọn lè dá padà, tàbí kí wọ́n ní chargeback làwọn máa ṣe. Ẹ má gbà. Chargeback ni kí bánkì gba owó tí ẹ fi káàdì san padà lọ́wọ́ dílà, kì í sì í kọjá iye tí èèyàn san. Ẹ sọ fún wọn pé Section 75 lẹ ń wí. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé bánkì lọ sí Financial Ombudsman, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn èèyàn pẹ̀lú bánkì, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Bàbá Ìbejì, Brampton:
Ní Ontario níbí, òfin ló fún iṣẹ́ tí mẹkáníìkì bá ṣe ní wáráńtì fúnra ẹ̀, ọjọ́ 90 tàbí 5,000 kilomítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Wọn ò sì gbọdọ̀ gba owó tó fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lórí iye tí wọ́n kọ fún ẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará Canada tó ń ka èyí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe mọ́tò yín láì kọ iye sílẹ̀.

Ṣọlá, Manchester:
Àǹtí Fúnkẹ́, ìbéèrè kan. Bí Ìyá Tòmíwá bá wá gbé sáfíìsì kúrò lọ́dọ̀ dílà pátápátá, ṣé wáráńtì mọ́tò ò ní bàjẹ́? Ohun tí wọ́n sọ fún èmi nìyẹn o.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, Peckham:
Ẹ jẹ́ n gba ìyẹn. Irọ́ ni. Mẹkáníìkì tó bá tẹ̀lé ètò sáfíìsì tí àwọn tó ṣe mọ́tò gbé kalẹ̀, tó lo ọ́ìlì tí ìwé mọ́tò sọ àti páàtì tó bá ti wọn dọ́gba, kò ba wáráńtì jẹ́. Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà náà, òfin Magnuson-Moss ti 1975 sọ ohun tó jọ ọ́. Ohun tó ń ba tèèyàn jẹ́ ni kó má ní rìsíìtì, tàbí kí wọ́n da irú ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní 5W-30 sínú ẹ́ńjìnnì tí ìwé ẹ̀ ní 0W-20.

Ìyá Tòmíwá, Leeds:
Ẹ kú àtijọ́ o. Wọ́n ti fèsì! Àwọn tí ò yọjú sí mi. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ò gba ẹ̀bi kankan, àmọ́ «as a gesture of goodwill», ìyẹn inú rere lásán, àwọn máa san ìdajì owó ẹ́ńjìnnì, kí n fọwọ́ síwèé láàárín ọjọ́ 7. Ọkọ mi ní ká gbà á ká sinmi. Ọkàn mi ò gbà.

Bàbá Ìbejì, Brampton:
Tèmi o, ọkọ yín ò jẹ̀bi. Ìdajì lọ́wọ́ òní ò burú. Ẹjọ́ máa ń jẹ èèyàn lára, ẹ̀yin náà tún wá ń ṣiṣẹ́ alẹ́.

Àǹtí Fúnkẹ́, Milton Keynes:
Mo gbọ́ yín sà, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó sọ pé òun ò jẹ̀bi tó wá ń fi £2,100 sílẹ̀, ó ti ka ìwé ẹ̀ ó ti rí nǹkan. Ìyá Tòmíwá, ẹ wo ìwé yẹn dáadáa, tí ẹ bá rí «full and final settlement» níbẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá, tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa bá yín gbọ́ ìyókù mọ́. Ọjọ́ 7 yẹn, àwọn ló dá a, òfin ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí màá ṣe ni pé màá wá ẹnjiníà tó dá dúró, tí kò bá dílà ṣe pọ̀, kó wá wo mọ́tò náà níbi tó wà kó sì kọ̀wé. Institute of Automotive Engineer Assessors ní irú wọn. Ó ń ná owó, àmọ́ ìwé yẹn ló máa ṣiṣẹ́ ní bánkì, òun náà ló máa ṣiṣẹ́ ní Motor Ombudsman, àwọn tó ń parí ìjà láàárín dílà àti kọ́sítọ́mà. Ẹ yẹ orúkọ dílà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, torí àwọn tó bá wà lábẹ́ wọn nìkan ni wọ́n lè dá lẹ́jọ́. Dílà ní ọ̀sẹ̀ 8 láti yanjú ẹ̀ kí wọ́n tó lè gbà á. Tí ìdájọ́ wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn tí ẹ gbà á, ó de dílà. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kóòtù ṣì wà níbẹ̀.

Kóòtù ọ̀hún ò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀. Small claims, ìyẹn ẹjọ́ owó kékeré, ní England àti Wales gba ẹjọ́ owó tó tó £10,000, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa kọ ọ́, tí owó tí ẹ ń bèèrè bá wà láàárín £3,000 sí £5,000, £205 ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá sì borí, àwọn ló máa dá a padà. Láti oṣù karùn-ún 2024, ó di dandan kí ẹ̀yin méjèèjì kọ́kọ́ bá onílàjà kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dílà ti máa ń rọ̀. Ẹ kó rìsíìtì bọ́ọ̀sì àti takisí tí ẹ fi ń lọ síṣẹ́ pamọ́, ẹ lè bèèrè ẹ̀, àmọ́ ẹ má lọ háyà mọ́tò olówó ńlá, adájọ́ á bi yín ìdí.

Ṣọlá, ìgbà yìí lo wá lè kọ ti Google ẹ. Kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan, ẹ má pe ẹnikẹ́ni lólè, kí wọ́n má bàa sọ pé ẹ bà wọ́n lórúkọ jẹ́.

Ìyá Tòmíwá, Leeds:
Mo ti kọ̀wé sí bánkì lálẹ́ àná, Section 75 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo sọ fún dílà pé mi ò tíì gba ìdajì, mi ò sì tíì kọ̀ ọ́, pé mò ń dúró de ìwé ẹnjiníà. Ẹ gbọ́, mánéjà fúnra ẹ̀ ló pè mí láàárọ̀ yìí, ó ń pè mí ní madam. Ó ní ọ̀rọ̀ owó àyè, àṣìṣe ni.

Bàbá Ayọ̀, Glasgow:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń bá tèmi fà á lọ́wọ́ lórí búréèkì tí wọ́n gbà lówó tí wọn ò pààrọ̀. Ṣé gbogbo èyí kan àwa ará Scotland?

Àǹtí Fúnkẹ́, Milton Keynes:
Consumer Rights Act àti Section 75 kàn yín bákan náà, sà. Kóòtù ló yàtọ̀: Simple Procedure ni tiyín, Sheriff Court lẹ máa gbé e lọ, kò sì gbọdọ̀ ju £5,000 lọ. Ọdún 5 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́, kì í ṣe 6 bíi ti England. Àmọ́ ti búréèkì, ẹ lọ ya àwòrán páàdì yẹn lónìí kí ẹ tó tún wà á, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà mọ́tò hàn nínú àwòrán náà.